Lẹ́tà Tó Wà Nínú Àpótí Alága

Ìyá mi a máa sọ pé bí wọ́n bá fi ọmọrí de ìkòkò níwájú mi, èmi ni màá kọ́kọ́ ṣí i wò. Kò parọ́ mọ́ mi. Lọ́jọ́ tí àwọn ẹbí ọkọ mi wá tọrọ mi nílé wa ní Ṣakété, ẹ̀yìn aṣọ ojú ilẹ̀kùn ni mo wà tí mò ń yọjú. Bàbá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn tán, ó ní òun ò tíì ní ọmọ tí òun fẹ́ fún ẹnì kankan. Wọ́n dìde, wọ́n lọ. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, wọ́n padà wá, ó tún dá wọn padà, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀. Mo bú sẹ́kún nínú yàrá. Ìyá mi wọlé bá mi, ó ní kí n nu ojú mi nù, pé níbo ni mo ti rí i tí wọ́n ti ń fún èèyàn lọ́mọ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì? Òun ti ra ìrẹsì tí òun máa sè fún wọn nígbà kẹta sílẹ̀. Wọ́n sì wá nígbà kẹta lóòótọ́. Bàbá mi ní kí wọ́n jókòó, wọ́n jẹ ìrẹsì, ọ̀rọ̀ parí. Ẹ fi ìtàn yìí sọ́kàn. Èmi tó ṣojú mi ni kò fi í sọ́kàn.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe ní Kútọnù. Ilé iṣẹ́ kan tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté ló gbà mí, ojoojúmọ́ ni mo sì ń tẹ lẹ́tà ní èdè Faransé: a fi ọ̀wọ̀ béèrè, a dúpẹ́ ṣáájú, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbà á lọ́wọ́ wa. Bí ọ̀gá bá sọ pé rárá lórí ìwé kan, mo fi í sínú dọsíè, ìyẹn fáìlì, mo gbàgbé rẹ̀. Ìwé títẹ̀ yìí náà ló sọ mí di akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ọkọ̀ ẹlẹ́rọ sáré lórí òkun, èmi tí ẹ̀rù omi ń bà, tí n kò tíì wọ ọkọ̀ kọjá ọ̀sà rí láyé mi.

Àbúrò mi ọkùnrin ló fà mí wọ̀ ọ́. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí, àwọn òbí wa méjèèjì sì ti lọ. Ó ń tún ẹ̀rọ ọkọ̀ ṣe ní èbúté àwọn apẹja, kò sì sí ẹ̀rọ tó ń wúkọ́ tí kò lè fi etí lásán mọ ibi tó ti ń dùn ún. "Dàdá" ló ń pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin níbẹ̀. Eré tí wọ́n ń sá ò ṣòroó yé èèyàn. Ọkọ̀ onípákó fẹ́lẹ́ ni, ẹ̀rọ ńlá kan nídìí rẹ̀, èèyàn méjì nínú rẹ̀. Wọ́n á gbéra níwájú èbúté, wọ́n á gba ojú òkun lọ sí apá ìlà oòrùn títí dé Ekpè, wọ́n á yí àgbá pupa kan tó léfòó po, wọ́n á padà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló borí. Ọkọ̀ á máa fò lórí ìgbì, á máa já lulẹ̀ gbì, èmi á fi ọwọ́ bo ojú mi ní etíkun, màá sì máa wò ó láàárín ìka.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, àwọn tó ń ṣọ́ ojú omi sọ fún wa pé a lè sá eré kan péré sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí eré mọ́ àfi bí gbogbo ẹni tó bá wọ ọkọ̀ bá ní akoto àti ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì, tí ọkọ̀ kan sì dúró nítòsí láti yọ ẹni tó bá ṣubú. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ, àmọ́ agbára ẹgbẹ́ ò ká a. Onígbọ̀wọ́ la nílò, ìyẹn ilé iṣẹ́ kan tó máa bá wa gbé bùkátà náà, tí àwa náà á sì máa gbé orúkọ rẹ̀ sáyé. Àbúrò mi sọ tẹnu rẹ̀ fún mi láìfi bò, bó ti ń nu epo kúrò lọ́wọ́.

"Dàdá, bí a ò bá rí onígbọ̀wọ́ kí ọdún yìí tó parí, Libreville ni mò ń lọ. Wọ́n ń wá ẹni tó mọ ẹ̀rọ níbẹ̀. Nítorí eré yìí ni mo ṣe ṣì wà ní Kútọnù."

Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ onígbọ̀wọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ lásán fún mi mọ́. Ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo ló ń bá ọ̀rọ̀ náà lọ.

Ẹ wá wo ẹni tó di ìdí ọkọ̀ ẹgbẹ́ mú. Alága wa ti lé ní àádọ́rin ọdún. Òun ló kọ́kọ́ de ẹ̀rọ mọ́ ọkọ̀ ẹja tó sì fi eré gbé e dé Ekpè, níbi tó kọ́lé sí. Òun ló dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Òun náà ló kọ́ àbúrò mi bí wọ́n ṣe ń gun ìgbì tí ọkọ̀ ò fi ní dojú dé. Òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ kì í kúrò nínú àpò rẹ̀, ìwé tí òǹtẹ̀ náà kò bá sì kàn lára, kò tíì di ìwé. Bí kò bá tíì jókòó, ìpàdé ò tíì bẹ̀rẹ̀, bí ó bá sì jókòó tán, kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí ìpàdé máa parí. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ó sì tún máa ń bí mi nínú débi pé màá ka ẹyọ tẹ̀súbáà ọkọ mi tán lẹ́ẹ̀mejì kí ara mi tó rọlẹ̀.

Ilé iṣẹ́ kan tó ń ta epo ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ yọjú sí wa. Obìnrin kan ni wọ́n rán, ọmọ Àjàṣẹ́ tó gbọ́ Nàgó dáadáa. Bàtà gogoro ló wọ̀ wá, ó bọ́ ọ sọ́wọ́ nígbà tó dé orí yanrìn. Ó béèrè bí ẹ̀rọ ṣe ń mu epo tó, ó béèrè ẹni tó ń kan ọkọ̀, ó béèrè ìdí tí ọkọ̀ kan fi rí gbọọrọ ju èkejì lọ. Mo ní, ẹlẹgbẹ́ mi nìyí. Kó tó lọ, ó kó ẹ̀wù márùn-ún tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì fún Alága, àti aṣọ ìpolówó gígùn kan, aláwọ̀ ìyeyè, tí orúkọ ilé iṣẹ́ wọn wà lára rẹ̀ gàdàgbà. Ó ní ká so aṣọ náà kọ́ sí etíkun lọ́jọ́ eré, òun á mú ọ̀gá òun wá.

Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ la kọ sínú ìwé tí a fi pè wọ́n, aago mẹ́sàn-án náà ni wọ́n dé. Gbogbo ẹ̀rọ ti ń dún. Alága ní kò sẹ́ni tó máa gbéra. Ó ti pe lèmọ́ọ̀mù àti pásítọ̀ láti gbàdúrà, nítorí ẹlẹ́sìn méjèèjì ló wà nínú ẹgbẹ́. Lèmọ́ọ̀mù ti dé. Ti pásítọ̀, zémì, ìyẹn ọ̀kadà, tó gbé wọn ti bàjẹ́ ní Godomey.

Mo sún mọ́ Alága, mo kúnlẹ̀ díẹ̀. "Bàbá, ṣé lèmọ́ọ̀mù ò lè ṣe tiwọn ká máa lọ? Bí pásítọ̀ bá dé, wọ́n á ṣe tiwọn."

Ó wò mí bí ẹni pé mo ní ká ta òkun. "Àdúrà ẹlẹ́sẹ̀ kan lo fẹ́ kí wọ́n fi wọ omi?"

Ọ̀sán gangan la tó gbéra. Ọ̀gá epo ẹ̀rọ ti mu omi inú ọ̀rá mẹ́rin, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Síbẹ̀, nígbà tí àbúrò mi yọ láti apá Ekpè, tó fi gbogbo àwọn yòókù sẹ́yìn, tí imú ọkọ̀ rẹ̀ ń wo ọ̀run, ọkùnrin yẹn fò sókè, ó ń pàtẹ́wọ́. Mo sọ nínú ọkàn mi pé Ọlọ́run ti gbọ́. Ìgbà náà ni obìnrin Àjàṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọ̀tún, ó ń wo òsì.

"Bàbá, aṣọ wa dà?"

Alága rẹ́rìn-ín músẹ́. Bí inú ẹni tó ṣe ohun rere ṣe ń dùn ni inú rẹ̀ dùn. "Ọmọ mi, má mikàn rárá. Ó wà nílé mi, nínú àpótí. Mo fi káńfọ̀ sí i. Iyọ̀ òkun ò ní kàn án láéláé."

"Àwọn ẹ̀wù ńkọ́?"

"Àwọn náà wà nínú àpótí. N kò tú ọ̀rá ara wọn rárá."

Mo wo ilẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ń wo ilẹ̀. Obìnrin náà bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ní Faransé, ọ̀gá náà mi orí, ó lọ wọ ọkọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin náà padà wá bá mi. Ó ní ọ̀gá òun ṣì fẹ́ràn eré náà, ó fẹ́ràn àbúrò mi jù. Kí Alága fọwọ́ sí lẹ́tà, kó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, kó sọ ohun tí ẹgbẹ́ ń fẹ́, kí ó dé ọwọ́ òun kí oṣù tó parí. Òun á ṣe ìyókù.

Ẹlòmíràn ì bá bínú lọ sílé. Èmi, mo fẹ́ mọ̀ ni. Báwo ni ọlọ́gbọ́n èèyàn ṣe lè ṣe irú èyí? Mo bi í lọ́jọ́ kejì. Ó ní, "Ẹ̀bùn kọ́ ni? Ta ló ń gbé ẹ̀bùn sínú iyọ̀? Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú, kì í bàjẹ́." Mo ní ìpolówó ni wọ́n ṣe é fún, kí ayé lè rí i. Ó ní bí wọ́n bá fẹ́ kí òun polówó fún wọn, wọn ì bá ti sọ pé iṣẹ́ ni wọ́n gbé wá, wọn ò ní pè é ní ẹ̀bùn. Mo rò ó, mo tún un rò. Ohun tó bí mi nínú jù ni pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ́gbọ́n mu.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ilé iṣẹ́ tẹlifóònù kan ti wá rí, wọ́n fẹ́ kun orúkọ wọn sára gbogbo ọkọ̀. Alága ní orúkọ ìyá àwọn ọlọ́kọ̀ ló wà lára ọkọ̀, ṣé kí òun wá fi tẹlifóònù bo ìyá ẹni mọ́lẹ̀? Wọ́n rò pé àwàdà ló ń ṣe. Wọ́n dúró kó rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín.

Mo tẹ lẹ́tà náà ní ibi iṣẹ́, nígbà tí àwọn ọ̀gá lọ jẹun. Mo tẹ ẹ́ bí ẹni tó ń dáná fún àna. Lọ́jọ́ Àìkú, mo gun zémì dé Ekpè, mo gbé e síwájú Alága. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó kà á láti òkè dé ilẹ̀, ó sì tì í padà sọ́dọ̀ mi.

"N kò ní fọwọ́ sí ìwé agbe."

"Bàbá, kì í ṣe agbe. Bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Gbogbo ayé kọ́ ni bàbá mi."

Mo lọ. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo padà. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ní kí n jókòó, ó sì sọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí àwọn yovó, ìyẹn àwọn òyìnbó, ṣì ń ṣèjọba, ó kù díẹ̀ kí òun tó ọmọ ọdún mẹ́jọ, bàbá rẹ̀ mú un lọ sí ọ́fíìsì kan láti bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbà á síléèwé. Ẹnì kan ti bá wọn kọ lẹ́tà. Wọ́n dúró lábẹ́ igi máńgòrò láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, bàbá rẹ̀ ṣí fìlà mọ́wọ́, kò dé e rárá. Kò sẹ́ni tó jáde bá wọn. Ìgbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, akọ̀wé kan fún wọn ní lẹ́tà wọn padà, wọn ò tú u. "Bàbá mi ò dé fìlà náà mọ́ títí ó fi kú," ni Alága wí. "Èmi ni mo gbé lẹ́tà náà lọ́wọ́ padà sílé."

Ìtàn náà gbà mí lọ́kàn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ohun tí mo wá ṣe. Mo bi í nípa àwọ̀ fìlà náà. Mo bi í bóyá igi máńgòrò náà ṣì wà. Ó dá mi lóhùn gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo wá rántí, tí mo ní, "Bàbá, lẹ́tà wa ńkọ́?", ó mi orí. "Rárá, ọmọ mi. Máa lọ sílé." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bó ṣe ń sọ ọ́. Mo rí ẹ̀rín náà. Mo fi lẹ́tà sílẹ̀ lábẹ́ rédíò rẹ̀, mo sì lọ. Rárá ẹ̀ẹ̀mejì, níbi iṣẹ́ wa, ìwé ti wọ dọsíè nìyẹn.

Oṣù parí. Àwọn elépo ẹ̀rọ lọ gbọ̀wọ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan. Nígbà ọyẹ́, àbúrò mi tú ẹ̀rọ kúrò nídìí ọkọ̀ rẹ̀, ó da ọkọ̀ náà dé sí ẹ̀yìn ilé Alága ní Ekpè, ó fi tapólì bò ó. Mo bá a ra bùrẹ́dì àti gàrí ní ọjà Dantokpa, mo ń ra ohun tí kò nílò, kí ọjọ́ má baà pé. Nígbà tó lọ tán, ilé dákẹ́ lórí mi. Mo sunkún, n kò ní tan yín.

Èmi tí mo fẹ́ mọ gbogbo nǹkan, mo wá obìnrin Àjàṣẹ́ lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀. Mo bi í bóyá ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn ló bà á jẹ́. Ó ní rárá o, àwọn ti fi aṣọ rẹ́rìn-ín tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́tà ni àwọn ń retí. Bó bá tiẹ̀ pẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì kọjá ọjọ́ tí àwọn dá, àwọn ì bá gbà á. "Ta ni ẹ̀yin náà ń retí?" ló bi mí. Mo gbé ìbéèrè náà lọ sílé.

Ọdún mẹ́ta kọjá. Mo bẹ àbúrò mi kó padà wálé nígbà Iléyá kan, ó ní, "Rárá, Dàdá." Mo tún bẹ̀ ẹ́ nígbà tí ọmọ mi obìnrin gba bákì, ìwé ẹ̀rí ìparí iléèwé girama rẹ̀, ó ní rárá, ó fi owó ìpápánu ránṣẹ́ sí ọmọ. Mo gba kámú. Ẹni tó ti lọ ti lọ.

Lọ́dún yìí ni mo gbọ́ pé ẹsẹ̀ ń dun Alága, kò lè rìn mọ́ dáadáa. Mo ra ọsàn, mo lọ kí i. Inú rẹ̀ dùn. Atẹ́gùn òkun ń wọlé, ó ní òtútù ń mú òun, kí n bá òun ṣí àpótí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, kí n mú aṣọ ìbora. Ẹni tí ẹ bá ní kó ṣí àpótí, ẹ mọ ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀. Òórùn káńfọ̀ kọ́kọ́ lù mí. Aṣọ ìyeyè yẹn wà níbẹ̀, kíká rẹ̀ ṣì gún. Ẹ̀wù márùn-ún wà nínú ọ̀rá wọn. Lórí gbogbo rẹ̀, lẹ́tà mi. Mo gbé e. Alága ti fọwọ́ sí i. Òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ wà lára rẹ̀, ó yí po rekete, kò wọ́.

"Bàbá, ìgbà wo lẹ fọwọ́ sí èyí?"

"Ọjọ́ kejì tí o lọ. Mo tún un kà, mo rí i pé ìwé náà ní ọ̀wọ̀ nínú."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò ránṣẹ́ pè mí?"

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Kí n ránṣẹ́ sí ẹni tó ń bẹ̀ mí pé kó wá bẹ̀ mí? Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo ní kí wọ́n se ìrẹsì. Mo gbé àga rẹ síta, mo ń wo ojú ọ̀nà. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo ní kí wọ́n pín in fún àwọn ará ilé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ò jẹ ọ́ lógún tó bẹ́ẹ̀."

Inú bí mi gan-an. Odidi ẹgbẹ́! Ọmọ ìyá mi! Ẹni tó ń kó ọmọ ọlọ́mọ wọ òkun kò yẹ kó máa ka iye ìgbà tí wọ́n bẹ òun. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún un lójú. Ẹnu mi ti là. Àmọ́ aṣọ ojú ilẹ̀kùn bàbá mi ní Ṣakété ni mo rí, àti ara mi lẹ́yìn rẹ̀, àti ìyá mi tó ti ra ìrẹsì. Mo mọ̀ ọ́n. Ta ló mọ̀ ọ́n jù mí lọ? Mo jókòó sórí etí àpótí.

Alága yí ojú sí apá ẹ̀yìn ilé. "Àbúrò rẹ ńkọ́? Ọkọ̀ rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ilé. Mo ń ní kí wọ́n máa yí i síbi tí oòrùn ò ti ní là á."

"Mo ti bẹ̀ ẹ́ kó padà, Bàbá. Ó kọ̀."

"Ẹ̀ẹ̀mélòó?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì."

Ó bó ọsàn kan, ó gbé e fún mi.

Ẹ̀yìn ilé ni mo gbà jáde, mo dúró ti ọkọ̀ náà. Mo pe àbúrò mi. Ẹ̀rọ kan ń dún níbi tó wà, ó ń pariwo kó lè borí rẹ̀, ó ń béèrè bóyá kò sí nǹkan. N kò tíì sọ nǹkan kan nípa lẹ́tà. Mo ní, "Mo bẹ̀ ọ́, máa bọ̀ nílé."

Ẹ̀rọ náà dákẹ́. Mo mọ̀ pé òun ló pa á.

"Dàdá," ló wí, "ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí."

Mo ní mo mọ̀. Mo ní mo ti ra ìrẹsì sílẹ̀.